Ó dára lójú kọ̀ǹpútà, kí ló dé tí ẹ̀rọ lésà gé e bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi Illustrator, sọ́fítíwià ìyàwòrán, ya orúkọ kan, irú èyí tí lẹ́tà rẹ̀ so mọ́ra bíi ti ìwé àfọwọ́kọ. Mo tọ́jú rẹ̀ ní SVG, irú fáìlì tó ń tọ́jú àwòrán bí ìlà, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ẹ̀rọ lésà, èyí tó ń fi iná gé nǹkan, pé kó bá mi gé e lára plywood mílímítà 3. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo gbà á, orúkọ tí mo yà ní mílímítà 400 ti di 300, àwọn lẹ́tà náà ti já kúrò lára ara wọn, àmì abẹ́ ẹ àti ọ ti sọnù, etí apá kan sì jó dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Ẹni tó gé e ní fáìlì mi ló ní àbùkù. Níbo ni mo ti ṣì í? Àpótí tí etí rẹ̀ ń wọnú ara wọn ni mo tún fẹ́ gé, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn náà bàjẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù o. Òótọ́ ni ẹni yẹn sọ, fáìlì ni. Àmọ́ gbogbo àbùkù tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló ní ibi tó ti wá, kò sì sí èyí tí ẹ ò lè tún ṣe fúnra yín.

Ẹ̀rọ lésà kì í wo àwòrán. Ìlà ló ń tọ̀, bí télọ̀ ṣe ń fi àlùmọ́gàjí tọ ojú ṣọ́ọ̀kì. Ìlà tí ẹ fi àwọ̀ funfun bò mọ́lẹ̀, ìlà tó fara pa mọ́ sábẹ́ clipping mask (àwòrán tó ń bo apá kan òmíràn mọ́lẹ̀), ìlà méjì tó sùn léra wọn, gbogbo rẹ̀ ló máa gé. Nítorí náà, kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wò ó láìsí àwọ̀ kankan, kó ku ìlà nìkan. Nínú Illustrator, Ctrl+Y ni. Nínú Inkscape, sọ́fítíwià ìyàwòrán mìíràn, ẹ lọ sí View, lẹ́yìn náà Display Mode, kí ẹ wá yan Outline. Ká ní ẹ ti ṣe èyí ni, ẹ̀ bá ti rí ohun tó já orúkọ yẹn kí pákó tó bàjẹ́: níbi tí lẹ́tà kan ti gun orí èkejì, ìlà àwọn méjèèjì kọjá nínú ara wọn. Ojú wa ń rí orúkọ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ń rí lẹ́tà mélòó kan tó forí lura, ó sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yípo.

Bí a ṣe ń tún un ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́, torí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí máa sọ ọ̀rọ̀ di ìlà, ẹ ò sì ní lè tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe mọ́. Ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tẹ Shift+Ctrl+O. Nínú Inkscape, Object to Path ló ń ṣe é, lábẹ́ Path. Èyí ṣe pàtàkì fún èdè wa gan-an, nítorí bí fọ́ǹtì yín ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó fẹ́ gé e, fọ́ǹtì mìíràn ló máa gbapò rẹ̀, àmì orí àti àmì abẹ́ sì lè pòórá tàbí kí wọ́n di àpótí kéékèèké. Lẹ́yìn náà, ẹ yan gbogbo lẹ́tà, kí ẹ tẹ Unite nínú Pathfinder. Union lorúkọ rẹ̀ nínú Inkscape. Àwọn ìlà tó wà nínú á pa rẹ́, á wá ku ìlà ẹyọ kan tó yí orúkọ náà ká, pẹ̀lú ihò inú àwọn lẹ́tà bí o àti a.

Àwọn àmì ló kù. Àmì abẹ́ ọ ò kan ara o níbì kankan, nítorí náà kò sí ohun tó dì í mú. Àwọn àmì ohùn náà ò yàtọ̀. Kí ẹ tó tẹ Unite, ẹ fa àmì kọ̀ọ̀kan sún mọ́ lẹ́tà rẹ̀ títí wọ́n á fi wọnú ara wọn dáadáa, tàbí kí ẹ ya afárá kékeré láàárín wọn. Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju bí pákó ṣe nípọn tó lọ. Lára plywood mílímítà 3, ẹ jẹ́ kó tó mílímítà 3. Bó bá jẹ́ pé inú pátákó lẹ ti fẹ́ gbẹ́ lẹ́tà jáde kó di ihò ńkọ́? Àmì ò níṣòro nígbà yẹn. Inú o, inú a àti inú d ló máa já bọ́, àwọn lẹ gbọ́dọ̀ ṣe afárá fún.

Ní ti etí tó jó, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé lésà gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ctrl+Y ò lè fi èyí hàn yín, torí ìlà méjì tó sùn léra wọn gẹ́lẹ́ máa ń dà bí ẹyọ kan. Ẹ fi máòsì mú ìlà kan, kí ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òmíràn bá ṣì wà níbi tó ti kúrò, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ pa ọ̀kan rẹ́. Ẹni tó bá ń lo LightBurn, sọ́fítíwià tó ń darí ẹ̀rọ lésà, lè yan gbogbo rẹ̀ kó tẹ Alt+D, èyí tó ń pa ẹ̀dà ìlà rẹ́. Àmọ́ bí àwòrán méjì tó yàtọ̀ síra bá kàn jọ pín ẹ̀gbẹ́ kan, Alt+D ò ní rí i, ọwọ́ lẹ máa fi yọ ọ́.

Mílímítà 400 tó di 300 ò ṣòroó mọ̀ rárá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gẹ́lẹ́ ni. Piksẹ́lì 72 ni Illustrator máa ń kà sí ínṣì kan nínú SVG, 96 sì ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià tó ń ṣí i ń kà. Ẹ pín 72 sí ọ̀nà 96, ẹ ó rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn. Inkscape tó ṣáájú 0.92, èyí tó jáde ní 2017, ń ka 90 ní tiẹ̀, torí náà 400 máa di 375 bí fáìlì rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ sọ́fítíwià tó ń ka 96. DXF, irú fáìlì mìíràn, ní tiẹ̀ lè gbé nọ́ńbà lásán wá láìsọ bóyá ínṣì ni tàbí mílímítà, nǹkan á sì tóbi tàbí kó kéré ní ìlọ́po 25.4. PDF ni mo fẹ́ràn jù láti inú Illustrator, torí ó ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ dání. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ ya onígun mẹ́rin mílímítà 100 sí igun kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tí ẹ ń jẹ́ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n tó gé ohunkóhun.

Ẹ bi wọ́n léèrè àwọ̀ tí wọ́n ń lò pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pupa RGB 255, 0, 0 (RGB ni ìlànà àwọ̀ ti ojú kọ̀ǹpútà) tí ìlà rẹ̀ jẹ́ hairline, ìyẹn tín-ín-rín jù lọ, ni gígé, dúdú sì ni fífín, ìyẹn yíya ojú pákó láìgé e já. Ẹ fi fáìlì sí RGB. Pupa CMYK, ìlànà àwọ̀ ti ìwé títẹ̀, kì í jáde ní 255, 0, 0 gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ lè má dá a mọ̀.

Ó wá kan àpótí. Ẹ má ṣe gba mílímítà 3 tí wọ́n kọ sára pákó gbọ́. Ó lè jẹ́ 2.7, ó lè jẹ́ 3.2. Ẹ fi vernier, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn, wọn pákó náà gan-an, iye tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi ya jíjìn eyín àpótí, ìyẹn àwọn ibi tó yọ jáde létí rẹ̀ tó ń wọnú ara wọn. Lẹ́yìn èyí, iná lésà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ lára pákó bó ṣe ń kọjá, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kerf. Láti mọ iye rẹ̀, ẹ ya ohun tó gùn ní mílímítà 100, kí ẹ pín in sí ègé 10 mílímítà, ìlà ẹyọ kan ṣoṣo láàárín ègé àti ègé. Ẹ gé e, ẹ to ègé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ kí wọ́n fara kanra, kí ẹ wá wọ̀n wọ́n. Bó bá jẹ́ 98, mílímítà 2 ló lọ lára ègé 10, kerf yín jẹ́ 0.2. Ẹ fi Offset Path nínú Illustrator sún ìlà ìta àpótí síta ní ìdajì rẹ̀, ìyẹn 0.1. Eyín á fẹ̀ díẹ̀, àlàfo á sì fún díẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ gé e bóyá òun náà ń fi kerf sí i láti inú LightBurn. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣe é, eyín ò ní wọlé.

Bó bá wù yín kí àpótí náà jẹ́ ike dípò pákó, acrylic ni kí ẹ rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ike PVC sábẹ́ lésà láé. Gáàsì hydrogen chloride ló ń tú jáde bó bá ń jó, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń mú kí irin ẹ̀rọ dípẹtà.

Kí ẹ tó gé odindi àpótí, ẹ fi àjákù pákó kan náà gé igun kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ méjì péré. Bí àtàńpàkò yín bá lè tì í wọlé, tí kò sì já bọ́ nígbà tí ẹ bá gbé e sókè, ẹ gé ìyókù. Bó bá le jù, ẹ dín 0.1 yẹn kù sí 0.05, kí ẹ tún igun náà gé.