Èsì: Ṣé RAM ECC tó owó tí wọ́n ń dá lé e?

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra RAM ECC, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà tó ń rí àṣìṣe inú ara rẹ̀ tó sì ń tún un ṣe, sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ máa kó fáìlì ilé iṣẹ́ yín pamọ́ sí. Lójú tèmi, ẹ rà á. Tó bá ṣe pé géèmù àti fíìmù nìkan ni, ẹ fowó yín sápò.

Lórí bít 64 kọ̀ọ̀kan (bít ni 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan), ECC máa ń fi bít 8 kún un láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bít kan bá ṣèèṣì yí, tí 0 di 1 tàbí tí 1 di 0, ó máa tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì, á fi tó yín létí. RAM lásán kì í sọ nǹkan kan. Á kọ àṣìṣe náà sórí díìsìkì, ẹ̀yin náà á sì tún fi ọwọ́ ara yín ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́! Ní Schaerbeek, lórílẹ̀-èdè Belgium, lọ́dún 2003, nínú ìdìbò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, ìbò 4,096 ṣàdédé lé sí ti olùdíje kan. Bít kan tó yí ni wọ́n fura sí.

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi “on-die ECC” (ECC inú ṣípù RAM) ti DDR5, irú RAM tuntun, tàn yín o: inú RAM fúnra rẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́, kò ṣọ́ ọ̀nà tó lọ sí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà). Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá CPU àti motherboard (pátákó tí wọ́n to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí) yín gba ECC, torí ọ̀pọ̀ ni kò gbà á.