Ṣé "grave" sàréè náà ni "grave" ojú líle?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, "grave" ni sàréè l'Óyìnbó, wọ́n tún ń pe ẹni tójú ẹ̀ le ní "grave", àbí torí pé òkú kì í rẹ́rìn-ín ni?

Ìdáhùn: Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o! Wọn ò bára tan rárá. Ti sàréè, "græf" ni, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó jẹ mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ́. Ti ojú líle, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló gbà wọlé, látinú "gravis" ti Látìnì, ìyẹn ohun tó wúwo, ibẹ̀ náà ni "gravity" tí wọ́n ń kọ́ wa ní físíìsì ti wá. "Solemn", tí wọ́n tún ń lò fún ẹni tójú ẹ̀ le, ló tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù, "sollemnis" ti Látìnì, ayẹyẹ ẹ̀sìn tó ti di àṣà ni, kò dá lórí ìbànújẹ́, ọdún tí wọ́n ti ń jàsè gan-an lè jẹ́ "solemn".