Ẹ Béèrè, A Fèsì: Bàálù Ogun Alárìmóòtù Tí Ẹ Ń Kàn Nílé

Bàálù tí ìbéèrè oṣù yìí dá lé lórí ni P-47 Thunderbolt, bàálù ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí a dín kù sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ojúlówó rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 12.42 láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì. Èyí tí ẹ ń kàn yóò fẹ̀ ní mítà 2.48, yóò gùn tó mítà 2.2, yóò sì wọn kílò 13 sí 15, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 60 cc sókè ló sì yẹ ẹ́. Ohun tó wúwo tó báyìí, tí abẹ̀bẹ̀ ń yí níwájú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkàn mi fà sí, torí ó rẹwà. Kí ló dé tí gbogbo àgbà ẹgbẹ́ wa ń sọ pé P-47 ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? — Arẹwà-ló-wù-mí, Peckham

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ Spitfire sún mọ́ra, ìta ló sì ń ká sí. Lórí pápá oníkoríko, bí atẹ́gùn bá ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ díẹ̀, ìyẹ́ kan á ti gbo ilẹ̀. Ti P-47 yà gbàgà, inú ló ń ká sí. Imú rẹ̀ tún rí roboto bí ìkòkò, ẹ́ńjìnnì á wọ inú rẹ̀ láìsí pé ẹ ń dá bónẹ́ẹ̀tì lu káàkiri. Ìyẹ́ rẹ̀ sì tó mítà onígun mẹ́rin 1.1, nígbà tí ti Spitfire ní ìwọ̀n kan náà kò ju 0.9 lọ. Ìyẹ́ tó fẹ̀ ni ẹ nílò lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bà, tí ọwọ́ yín sì ń gbọ̀n.

Ibì kan ni P-47 ti le. Abẹ̀bẹ̀ ojúlówó rẹ̀ tóbi, ó nílò ẹsẹ̀ gígùn, ṣùgbọ́n ìbọn mẹ́jọ wà nínú ìyẹ́, kò sí àyè. Ohun tí àwọn tó ṣe é ṣe ni pé ẹsẹ̀ náà á kọ́kọ́ sunkì ní 23 cm kó tó ká wọlé. Lára tiyín, ìyẹn jẹ́ 4.6 cm, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tà kì í sì í sunkì. Ẹ ra ẹsẹ̀ ná, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó gé egungun ìyẹ́ kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé egungun á padà wá fi ayùn la ihò ẹsẹ̀ gba inú ọ̀pá tó gbé ìyẹ́ dúró, ìyẹ́ náà ò sì ní lágbára mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, káfíńtà ni mí. Pátákó arère kún ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n bàlísà, igi fúyẹ́ tí wọ́n fi ń kan bàálù, wọ́n, ó sì ṣòro láti rí. Ṣé mi ò lè fi arère kan gbogbo rẹ̀? — Káfíńtà, Ọ̀tà

Arère yín kì í ṣe àjèjì nídìí iṣẹ́ yìí. Igi yẹn gan-an ni àwọn tó ń kan bàálù nílùú Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní obeche, orúkọ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ẹdó wá, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi pẹlẹbẹ rẹ̀ bo ìyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ẹ gé pátákó tó gùn ní 100 cm, tó fẹ̀ ní 10 cm, tó nípọn ní 1 cm. Bàlísà tó dáa á wọn gíráàmù 120 sí 160. Arère tó gbẹ dáadáa á tó 380. Fún ìdí yìí, ẹ má fi arère kan ìrù láé. Ìdí rẹ̀ wà nínú èsì tó tẹ̀ lé èyí.

Ibi tí arère yẹ ni ọ̀pá ìyẹ́. Ẹ la á sí 6 mm lọ́nà 12 mm, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ wá fi pílíwúùdù 1.5 mm dí àárín wọn láti egungun dé egungun, kí ìlà igi pílíwúùdù náà dúró lóòró. Èyí tí ìlà igi rẹ̀ gún ni kí ẹ ṣà. Tí ojú kókó kan bá wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ló máa kán.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi wáyà gbígbóná gé ìyẹ́ látinú fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá fi pẹlẹbẹ arère 0.7 mm bò ó. Ẹ má ṣe lo gọ́ọ̀mù aṣebàtà, á jẹ fóòmù yẹn bí omi ṣe ń jẹ iyọ̀. Gúlúù epoxy tó ń gba wákàtí 24 kó tó le ni kí ẹ lò. Ẹ dà á sórí pẹlẹbẹ, kí ẹ fi káàdì ATM àtijọ́ ha á títí tó fi ku dídán lásán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù lásán ni. Ẹ dá ìyẹ́ padà sáàárín àjákù fóòmù tó ti jáde, ẹ gbé pátákó títẹ́jú lé e, kí àpò sìmẹ́ńtì kan sì sùn lórí rẹ̀ mọ́jú. Tábìlì gbọ́dọ̀ tẹ́jú: bí tábìlì bá wọ́, ìyẹ́ náà á wọ́, kò sì sí sanpépà tó lè tún un ṣe. Ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ níwájú ní ìgun 2°, bákan náà gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, bàálù á dorí kodò sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá ń rọra bà.

Bàálù mi ti parí, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ wúwo. Wọ́n ní kí n fi òjé sí imú. Òjé mélòó? Ó sì ti wúwo jù fún mi láti fi ìka méjì gbé wò. — Ìrù-ń-fà-mí, Houston

Ẹ má fi ìka gbé e. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ẹ máa lò: ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lábẹ́ táyà ìrù. Ẹ gbé òṣùwọ̀n ìrù lé àpótí kí ara bàálù lè tẹ́jú bó ṣe ń tẹ́jú lójú òfuurufú. Kí gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, bátìrì, abẹ̀bẹ̀, gíláàsì orí awakọ̀, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Kí táǹkì epo ṣófo. Kí ẹnì kan dì í mú.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti táyà ìrù. Ẹ fi ohun tí òṣùwọ̀n ìrù sọ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi àpapọ̀ ìwọ̀n òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in. Ohun tó bá jáde ni bí ojú ìwọ̀n bàálù (ibi tí ìwúwo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti dọ́gba) ṣe jìnnà sẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú tó. Ká ní àyè náà jẹ́ 140 cm, àpapọ̀ jẹ́ kílò 14, ìrù sì sọ pé kílò 1.2. 140 lọ́nà 1.2, ká pín in sí 14, ó jẹ́ 12 cm. Tí ẹsẹ̀ bá wà ní 2 cm sẹ́yìn etí iwájú ìyẹ́ (àárín ìyẹ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, níbi tó ti fẹ̀ ní bíi 44 cm), a jẹ́ pé ojú ìwọ̀n wà ní 14 cm. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú yẹn, ìyẹn 11 cm, ló yẹ kó wà lọ́jọ́ àkọ́fò. Ó fi 3 cm sẹ́yìn jù.

Ẹ wá wo ohun tí 3 cm yìí máa ná yín. Kílò 14 lọ́nà 3 jẹ́ 42. Imú kò jìnnà ju 50 cm lọ síwájú ojú ìwọ̀n, nítorí náà òjé tí ẹ máa fi síbẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 840. Ìrù ńkọ́? Bíi 131 cm ló fi jìnnà sí ibi tó yẹ kí ojú ìwọ̀n wà. Bíi gíráàmù 320 péré tí ẹ bá yọ níbẹ̀, ọ̀ràn ti parí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró lórí ọ̀rọ̀ ìrù bí ẹni tó ń ṣọ́ ìsun omi: gíráàmù kan tí ẹ dà síbẹ̀, ẹ máa san án padà ní ìlọ́po méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú, ìyẹ́ ló sì máa gbé gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá òjé, ẹ lọ sídìí ìrù. Táyà ẹ̀yìn onírin tó wúwo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí fúyẹ́. Ẹ fi pọ́ńbélé igi ṣe inú ìrù? Ẹ lu ihò sí i láàárín. Sẹ́fò (mọ́tò kékeré) tó ń yí elevator, ìyẹn apá ìrù tó ń gbé imú sókè sódò, tí ẹ kó sídìí ìrù kí ọ̀pá rẹ̀ lè kúrú, ẹ gbé e wá síwájú, kí ẹ fi ọ̀pá carbon gígùn so ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bátìrì gbogbo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì nínú bónẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá wá kù ni ẹ máa fi òjé dí, kí ẹ sì fi bóòtù dè é. Òjé tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ máa ń já tí ẹ́ńjìnnì bá gbọ̀n.

Ẹ ní ẹ́ńjìnnì 60 cc sókè ló yẹ bàálù yìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I pass my neighbour”, 63 cc ni. Ṣé mi ò lè tú u, kí n so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn? — Ọmọ Mẹkáníìkì, Òṣogbo

Iye cc dọ́gba, iṣẹ́ ò dọ́gba. Bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún ìgbà, 3,000, ni jẹnẹrétọ̀ yẹn ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, iná tó ń mú jáde kò sì ju wáàtì 650 lọ. Ẹ́ńjìnnì bàálù 60 cc á yí abẹ̀bẹ̀ 23×10 (ní íńṣì) ní nǹkan bí 7,000, agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 5, ó sì máa ń wọn kílò méjì tàbí kó dín díẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ wúwo, bíárìn rẹ̀ ò sì ṣe fún ohun tó ń fà á síwájú lójoojúmọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún fáànù ilé.

Ohun tí jẹnẹrétọ̀ ti kọ́ yín ni pípo ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ìyẹn wúlò. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ pé 30:1, lítà kan gba ọ́ìlì mìlílítà 33, lítà márùn-ún gba 167. Ẹ má fojú díwọ̀n. Rọ́bà tó ń gbé epo gbọ́dọ̀ jẹ́ ti bẹntiróòlù. Èyí tó jẹ́ silikoni máa ń wú nínú bẹntiróòlù, á rọ̀, á sì yọ lẹ́nu táǹkì lókè.

Nǹkan tó ń pa ẹ́ńjìnnì nínú P-47 jù ni ooru. Ẹnu bónẹ́ẹ̀tì tóbi, èèyàn á rò pé atẹ́gùn ti tó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó rọrùn ni atẹ́gùn ń tọ̀: á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò ní fara kan sìlíńdà. Ẹ fi pílíwúùdù fẹ́lẹ́ dí ẹnu náà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ọ̀ṣọ́ (àwòṣe ẹ́ńjìnnì tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu bónẹ́ẹ̀tì), kí ẹ gé ihò kan ṣoṣo tó ṣe déédéé pẹ̀lú orí sìlíńdà, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tó ń gbà wọlé, torí atẹ́gùn gbígbóná ń fẹ́ àyè. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílẹ̀, tó wá ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin lókè, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Abẹ̀bẹ̀ onígi máa ń sunkì lábẹ́ bóòtù lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún un fún. Ẹ so ìrù mọ́ èèkàn kí ẹ tó tàn án.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, sẹ́fò mi á máa gbọ̀n fúnra wọn. — Agege

Iná púlọ́ọ̀gì ló ń da risífà, ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú bàálù, láàmú. Ẹ wò ó bóyá irin ń gbo irin níbi ọ̀pá kabúrétọ̀. Ẹ fi ike tàbí carbon rọ́pò rẹ̀. Kí bátìrì púlọ́ọ̀gì dá wà, kí wáyà rẹ̀ jìnnà sí risífà ní 30 cm ó kéré tán. Risífà fúnra rẹ̀ nílò bátìrì méjì, súìṣì méjì. Kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè kú fúnra rẹ̀ bí rìmóòtù bá gé.

Ṣé mo lè gbé e lọ sí pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò? — Ìbàdàn

Rárá. Ní Nàìjíríà, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò ìjọba àpapọ̀ kí ohunkóhun tí kò ní awakọ̀ nínú tó gbéra. Ẹ̀yin tó wà nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAA, àjọ bàálù tiwọn, kí ẹ sì ṣe ìdánwò wọn. Bí bàálù bá ju kílò 25 lọ, àṣẹ ọ̀tọ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, FAA ni àjọ náà, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn lóde ara bàálù.

Bàbá mi àgbà lọ ogun Bọ́mà. Ṣé irú bàálù yìí wà níbẹ̀, àti pé àwọ̀ wo ni kí n kùn ún? — Ọmọ Ajagun, Abẹ́òkúta

Ó wà níbẹ̀. Láti 1944 ni àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi Thunderbolt jà ní Bọ́mà, ní agbègbè kan náà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti ń rin inú igbó Arakan. Ẹ̀yà yẹn rọrùn láti dá mọ̀: àmùrè funfun wà ní imú, lára ìyẹ́ àti ìrù. Àmì róbótó rẹ̀ kò ní pupa rárá, búlúù dúdú àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni, torí pupa lè jẹ́ kí wọ́n ṣì í mú fún bàálù Japan. Àwọn tó dé kẹ́yìn, tí wọn ò kùn, àmùrè dúdú ni wọ́n fi sí i.

Ẹ fi aṣọ fáíbà tó wọn gíráàmù 25 ní mítà onígun mẹ́rin kan bo igi, ẹ kun ọ̀dà àkọ́kùn, kí ẹ sì fi sanpépà 400 fà á títí ojú aṣọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ẹ fi gọ́ọ̀nù fọ́n àwọ̀ lé e, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Funfun kì í tètè bo àwọ̀ dúdú, èèyàn á fẹ́ fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Níbi ìrù, ẹ kọ́kọ́ fọ́n funfun, ẹ fi tépù bò ó níbi àmùrè, kí ẹ tó fọ́n àwọ̀ dúdú yí i ká, kí fífọ́n funfun má bàa ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kí ìrù má bàa wúwo.