Láísẹ́ǹsì àwọn àgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n tún máa dán àwọn àgbà wò kí wọ́n tó wakọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ, ṣùgbọ́n ojú ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Béèyàn bá ti pé ẹni 70 ọdún, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló ń tún láísẹ́ǹsì gbà. Òun fúnra rẹ̀ náà ló ń kọ ọ́ pé ojú òun ṣì ríran. Ta ló fẹ́ kọ ọ́ pé òun ò ríran mọ́? Ẹ mú bàbá yín síta, kí wọ́n ka nọ́ńbà ọkọ̀ aládùúgbò láti 20 mítà, bí òfin ṣe wí. Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, ti pé ẹni 97 ọdún kó tó dá láísẹ́ǹsì tiẹ̀ padà lọ́dún 2019, lẹ́yìn tó ti ní jàǹbá ọkọ̀. Àmọ́ dírẹ́bà ẹni 25 ọdún tó ń tẹ fóònù lórí eré ńkọ́?