Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí Ní Ń Ṣí Ihò Ara Ewé, Kí Ní Ń Tì Í?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọmọ mi nílé-ìwé pé ewé ní ihò tín-ín-tìn-tín tó ń ṣí, tó sì ń pa dé. Ewé tí kò ní iṣan, tí kò ní ọpọlọ, kí ní ń bá a ṣí i? Ṣé ihò yìí náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ níbi tí àgbàdo ti ń kú? (Òǹkàwé kan, Ìsẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Omi ni. Àárín sẹ́ẹ̀lì (ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ewé) méjì tó kọjú síra ni ihò kọ̀ọ̀kan wà. Bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bá ti kàn wọ́n, pòtásíọ̀mù, èròjà kan tí ewéko ń fà láti inú ilẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú wọn, omi á sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń kún, wọn kò lè sanra, nítorí pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ògiri wọn tó dì wọ́n yí ká. Gígùn nìkan ni wọ́n lè gùn, nítorí náà wọ́n á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ihò á sì là láàárín wọn. Hugo von Mohl, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ti ṣàlàyé láti ọdún 1856 pé kíkún àti rírọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ewéko á pèsè họ́mónù (èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ara) tí à ń pè ní abscisic acid. Èyí ní ń mú kí pòtásíọ̀mù tú jáde, kí omi bá a lọ, kí ihò sì pa dé, kí omi ara ewé má baà gba ojú ihò náà gbẹ dànù. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ojú ihò kan náà ni afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó dá ọgbọ́n tirẹ̀: òru ló ń ṣí ihò, á kó afẹ́fẹ́ náà pamọ́ di ọjọ́ kejì.

Ní ti ẹ̀gẹ́, òótọ́ lẹ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbòǹgbò rẹ̀ tó ń wọlẹ̀ jìn náà ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí ní Kòlóńbíà kọ ọ́ ní ọdún 1984 pé bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, ẹ̀gẹ́ á ti ihò rẹ̀, kódà bí ilẹ̀ ṣì tutù. Àgbàdo náà ń ti tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá rí omi tó nígbà tó ń yọ òdòdó, kò ní àyè láti ṣàtúnṣe mọ́. Gbèsè ń bẹ lọ́rùn ẹ̀gẹ́ náà ṣá o: bí ihò bá pa dé, oúnjẹ á dínkù, nítorí náà ẹ̀gẹ́ tó la ọyẹ́ já lóko yín kò fi bẹ́ẹ̀ ta síi lábẹ́ ilẹ̀ títí òjò yóò fi padà.