Kí ló dé tí àìsàn ajá mi fi ń padà wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Kubwa ni mò ń gbé. Jack, ajá mi, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ara rẹ̀ ló ń pa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì fún un ní prednisolone. Nígbà tó gbádùn, mo dá oògùn náà dúró, torí ó ń mu omi ṣáá, ó sì ń tọ̀ káàkiri ilé. Kò pé oṣù méjì tó tún dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé títí ayé ni yóò máa lò ó ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Jack, mà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Oògùn ló ń fa omi mímu àti ìtọ̀ yẹn. Ebi á sì máa pa á ṣáá. Ẹ má fi omi dù ú o. Ẹ máa mú un jáde kẹ́ ẹ tó sùn àti ní kùtùkùtù.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa bá àrùn jà lára Jack ló ṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mú fún ọ̀tá. Prednisolone ló ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ajá lè ti dìde, kó ti máa gbó àwọn tó ń kan géètì, síbẹ̀ kí ìjà náà má tíì parí nínú. Bí oògùn bá dúró lójijì, ìjà á tún gbérí, ara tó ti gbójú lé e náà á sì rọ jọwọrọ. Díẹ̀díẹ̀ là ń dín in kù: a ó yẹ PCV wò, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (ti ajá tó lera sábà máa ń wà láàárín 37 sí 55), bó bá dúró dáadáa, a ó yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin oògùn náà, a ó dúró ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Nígbà tó ti di ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, ẹ bi dókítà yín bóyá kó fi oògùn kejì kún un, kí prednisolone lè wálẹ̀. Àwọn ajá kan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn ń lo ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gbádùn ayé wọn.

Mo dín ti ajá kan kù rí láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí olówó rẹ̀ ń kánjú lọ sílé Iléyá. Kí wọ́n tó ti Ìlọrin dé, erìgì rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ó yè, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Jack wò fún babesia, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀? Eégbọn ló ń gbé e kiri, ó sì lè jẹ́ òun ló ń ta ìjà yìí jí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, mi ò ní fi àyẹ̀wò yẹn sílẹ̀ láé. Eégbọn tẹ́ ẹ rí lára rẹ̀ kéré sí èyí tó wà nínú ilé: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò ara ògiri àti abẹ́ ilé ajá, ẹ ó rí wọn. Ẹ tọ́jú ibẹ̀ pẹ̀lú ajá.

Ẹ má fún un ní àjẹkù ọbẹ̀ tàbí súyà tó ní àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Panadol náà kò dára fún un. Ibuprofen pẹ̀lú prednisolone sì lè dá egbò sí inú rẹ̀.

Láràárọ̀, ẹ ṣí ètè rẹ̀ sókè. Bí erìgì bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ìyeyè, bí ìtọ̀ bá dúdú bíi zobo, tàbí tó ń mí gúlegúle, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Sunday.