Kí ló dé tí kòkòrò ṣì ń jẹ ẹ̀wà tí mo de ẹnu àpò rẹ̀ pinpin, báwo ni mo sì ṣe lè dènà rẹ̀?
Láti oko ni kòkòrò náà ti máa ń bá ẹ̀wà wálé, nítorí náà dídè tí ẹ de ẹnu àpò lásán kò lè dí i lọ́wọ́. Callosobruchus maculatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abo rẹ̀ máa ń lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà; bí ẹyin bá pa, ìdin á lu èso náà wọ inú, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa jẹun títí yóò fi dàgbà, tí yóò gba ihò róbótó tí a máa ń rí yẹn jáde. Níbi tí ooru bá wà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni gbogbo èyí ń gbà.

Ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí jù ni àpò onípele 3 tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá nínípọn 2 wà nínú, àpò tí a hun wà lóde. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì de ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ á fa ọ́síjìn tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́, yóò sì kú. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ bu ẹ̀wà kún dé ẹnu, tí ìdérí rẹ̀ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ń ṣiṣẹ́ kan náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ́n otapiapia sí i: májèlé ni dichlorvos inú rẹ̀, òun ló sì mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015.